Ìkòkò Àgbà Lápá Ọ̀tún

Kí aago méje òwúrọ̀ tó lù, mo ti gbá ilé ìdáná lẹ́ẹ̀mẹta, mo ti nu gáàsì lẹ́ẹ̀mejì, mi ò sì tíì jókòó lẹ́ẹ̀kan. Ìdí mi kọ àga. Bí mo bá dúró, àtẹ́lẹsẹ̀ a máa yún mi. Bí mo bá ń rìn, ilé a kéré jù fún mi. Ọkọ mi, tó jẹ́ télọ̀, tó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ sí pálọ̀, gbójú sókè lórí sòkòtò tó ń ká létí.

"Ìyàwó, bó o bá tún gba iwájú mi kọjá lẹ́ẹ̀kan sí i, màá rán ẹ mọ́ sòkòtò yìí."

"Rán mi mọ́ ọn. Bóyá ìgbà yẹn ni màá tó lè dúró sójú kan."

Ohun tó ń lé mi kiri kò pamọ́ fún ẹnikẹ́ni nínú ilé. Ilé iṣẹ́ bàtà tó wà ní ìsàlẹ̀ àdúgbò wa ń wá alásè tí yóò máa se oúnjẹ ọ̀sán fún àwọn òṣìṣẹ́ wọn lójoojúmọ́. Ọdún kẹjọ rèé tí mo ti ń sè fún ẹni tó bá ṣáà pè mí. Lónìí ìgbéyàwó, lọ́túnla ìsìnkú, lẹ́yìn náà oṣù kan gbáko tí fóònù mi á dákẹ́ bí ẹni tó bínú sí mi. N óò máa gbé e sókè, n óò máa gbọ̀n ọ́n, bóyá nǹkan há a lọ́fun. Bí iṣẹ́ yìí bá bọ́ sí mi lọ́wọ́, n óò máa jí láàárọ̀, n óò sì mọ ibi tí ẹsẹ̀ mi ń lọ. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ ni mo ń tọrọ láyé.

Alábòójútó wọn, obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ lórí fóònù dà bí ìgbà tí wọ́n ń fi àlùmọ́gàjí gé páálí, ti sọ fún mi pé òun ń bọ̀ wá wo ilé ìdáná mi ní aago méjìlá ọ̀sán.

"Mi ò fẹ́ bá ìkòkò nílẹ̀ o," ó ní. "Bó ṣe ọ̀kan péré ni mo rí, mo ti padà nìyẹn."

"Ìkòkò kì í wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ tèmi, mà," ni mo dáhùn. Mo sọ ọ́ tán ni mo wẹ̀yìn. Ìkòkò mẹ́sàn-án, kẹ́tù kan, páànù ìdínyin méjì àti ajere kan, gbogbo wọn jókòó sílẹ̀ kítikìti bí ẹni tó ń retí kí ìpàdé bẹ̀rẹ̀.

Mo rò ó pé kí n kó wọn sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ṣùgbọ́n alásè kan lójú pópó kejì ti dán ìyẹn wò lánàá. Wọ́n ní alábòójútó náà wọlé, ó kúnlẹ̀, ó gbé etí bẹ́ẹ̀dì sókè, ó kí àwọn ìkòkò náà níkọ̀ọ̀kan, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Nítorí náà, ògiri ló kù. Mo ní irin gbọọrọ kan tí wọ́n ń kàn mọ́ ògiri, tí ìkọ́ mẹ́rìnlá wà lára rẹ̀. Ọdún méjì ló ti dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn láti ọjọ́ tí mo ti rà á, kò gbé ju aṣọ ìnuwọ́ lọ. Mo bá ránṣẹ́ pe káfíńtà.

Káfíńtà wa yìí, Mo-ti-dé-tán ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Bó o bá pè é lórí fóònù, á ní "mo ti dé tán", nígbà tó jẹ́ pé inú ilé ìwẹ̀ ló wà, tí ọṣẹ ń ta á lójú. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì ti gbọ́n fún un. Mo ní kó wá ní aago méje, kó lè baà dé ní aago mẹ́wàá. Aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ta, ẹnìkan kanlẹ̀kùn. Mo ṣí i. Òun náà ni! Ó ti wẹ̀, ó ti fá irùngbọ̀n, ó gbé òòlù dání.

Ẹ̀rù bà mí. "Ṣé kò sí o? Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú. Ìyàwó mi ló lé mi jáde, ó ní mò ń dí òun lọ́wọ́. Ìyá Olóúnjẹ, ògiri dà?"

Kí ó tó gbé ìṣó sẹ́nu, ọkọ mi ti já dé pẹ̀lú téèpù lọ́rùn. Ó ní nínú ilé òun, ẹnikẹ́ni kì í kan nǹkan láìjẹ́ pé òun ló wọ̀n ọ́n. Ó wọn ògiri láti ìkángun dé ìkángun bí ẹni tó fẹ́ rán kóòtù fún un.

"Ẹ jẹ́ ká fi ínṣì méjì sí i," ó ní, "kó lè rí àyè mí."

Káfíńtà wò ó títí. "Ọ̀gá télọ̀, ògiri kì í jẹun yó."

"Oníbàárà mi kan sọ bẹ́ẹ̀ nípa ara rẹ̀. Bọ́tìnnì rẹ̀ já níwájú àwọn àna rẹ̀."

Káfíńtà fi ẹ̀yìn òòlù kan ògiri wò. Lápá òsì, ó dún kì, kì, kì. Láàárín, kì, kì, kì. Ó dé apá ọ̀tún, ó kàn án: pò, pò, pò. Ó yọ ìṣó kúrò lẹ́nu.

"Kí ló wà níbí?"

Ọkọ mi họrí. "Fèrèsé ni tẹ́lẹ̀. Bàbá mi ló dí i pa nígbà tí mo wà ní kékeré."

"Kí ni wọ́n fi dí i?"

"Ohun tí ọwọ́ wọn bà lọ́jọ́ náà."

"Hẹn-ẹn. Ẹ gbọ́ o. Lápá òsì àti láàárín, bó bá wù yín kí ẹ gbé màlúù kọ́ ọ. Apá ọ̀tún yìí, nǹkan fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ nìkan. Síbí. Asẹ́. Àdúrà."

Aago mẹ́sàn-án kò tíì lù tí irin ti dúró lára ògiri, tó tọ́ bí ìlà. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wọn kọ́ bí mo ṣe ń lò wọ́n. Ìkòkò irin ńlá wà láàárín, níbi tí ògiri ti lágbára. Kẹ́tù àti páànù wà lápá òsì nítòsí gáàsì, kí ọwọ́ mi lè máa tó wọn láìwẹ̀yìn. Ajere àti asẹ́ tíì wà lápá ọ̀tún. Mo sún sẹ́yìn, mo wo iṣẹ́ ọwọ́ mi. Ilẹ̀ yọ! Ó ti pẹ́ tí mo ti rí ilẹ̀ ilé ìdáná yẹn gbẹ̀yìn, mi ò tiẹ̀ rántí mọ́ pé àwọ̀ ewé ni wọ́n kùn ún.

Ìgbà náà ni ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn dún.

Ìyá ọkọ mi ló ń gbébẹ̀. Ìyá náà ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ó tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́, ó sì mú bí abẹ́rẹ́. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó fi ọ̀pá rẹ̀ ka àwọn ìkòkò náà láti ọ̀tún dé òsì.

"Ta ló to àwọn wọ̀nyí?"

"Èmi ni, Màámi."

"Ìkòkò irin yìí, tí mo gbé lórí wọ ilé yìí nígbà tí wọn ò tíì bí ọkọ rẹ, òun lo há sáàárín èrò bí ọmọ ilé ìwé? Ajere tí o rà lánàá, tí gbogbo ara rẹ̀ ń jò, òun ló wá ṣáájú rẹ̀ lápá ọ̀tún?"

"Màámi, bí mo ṣe ń lò wọ́n ni mo ṣe—"

"Ọkọ rẹ náà, ò ń lò ó. Ṣé o lè ní kó wá jókòó ṣáájú mi?" Ó fi ọ̀pá kanlẹ̀. "Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ titun wọ́. Àbí nítorí pé ara ògiri la wà, wọ́n ti fagi lé ìyẹn? Apá ọ̀tún ni ti àgbà. Ẹ gbé e síbẹ̀, kí àwọn yòókù tẹ̀ lé e bí wọ́n ṣe dàgbà jura lọ."

Ẹ sọ fún mi, ìyàwó wo ló máa la ojú rẹ̀ sọ fún ìyá ọkọ rẹ̀ pé ìkòkò tó gbé wọlé ọkọ kò yẹ ní ipò àgbà? Mo wo ọkọ mi. Ìyá rẹ̀ ṣáà ni. Ọkọ mi ń wo àjà bí ẹni pé etí àjà náà ti tú, tó ń ronú òwú tó máa fi rán an. Mo fi ìgúnpá gún un.

"Màámi," ó ní, "ẹ ò rí i pé... apá ọ̀tún yẹn, atẹ́gùn pọ̀ níbẹ̀."

"Ìkòkò irin ni. Òtútù ò ní í mú un."

Mo yíjú sí káfíńtà. Ará ìta ni, kò sí ohun tí wọ́n lè fi í ṣe bó bá sọ òótọ́. "Ọ̀gá Káfíńtà, ẹ bá wa dá sí i."

Káfíńtà fi òòlù họ ẹ̀yìn ọrùn. "Ìyá, bí ẹ bá ti sọ ọ́, ó ti di sísọ."

"Ṣé ògiri á lè gbé e?"

"Á... á gbìyànjú."

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ̀. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà la sì gbé ìkòkò náà sókè, tí a mú un lọ sí apá ọ̀tún bí ẹni tó ń sin ọba lọ sórí ìtẹ́. Bí wọ́n ṣe ń fi ìtẹríba wó ilé nìyẹn. Mo gbé e kọ́. Mo mú ọwọ́ kúrò díẹ̀díẹ̀. Ọkọ mi di ojú. Káfíńtà ti ń sún mọ́ ẹnu ọ̀nà.

Nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀.

"Ẹ rí i?" ni ìyá ọkọ mi wí.

Ó wá ń ka ìtàn ìgbésí ayé wọn, à ń gbé wọn kọ́. Kẹ́tù: "Ọdún tí mo bí àbíkẹ́yìn." Ìkòkò elétí méjì: "Ọdún tí òrùlé ṣí lọ." Páànù ìdínyin: "Ìyẹn ò tíì ní ọjọ́ orí, ẹ fi sí apá òsì lọ́hùn-ún." Irin dúró digbí. Ọkàn mi bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálẹ̀. Ó ku ogójì ìṣẹ́jú kí aago méjìlá lù. Mo fa àga kan, mo jókòó, ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà, mo na ẹsẹ̀ mi, mo mí.

Ìyá ọkọ mi mú asẹ́ tíì, tí kò wúwo ju ewé lọ. "Ọmọ ìkókó ilé," ó ní, ó rẹ́rìn-ín, ó fi kọ́ ìkọ́ tó gbẹ̀yìn.

Gbàràgàdà!

Ìkòkò irin ló kọ́kọ́ wálẹ̀, bí àgbà tòótọ́. Ó fa irin lọ́wọ́, irin fa àwọn tó kù, kẹ́tù sì gba orí bọ́kẹ́ẹ̀tì omi ìnulẹ̀ kọjá, omi sì kún ilẹ̀. Eruku funfun bo gbogbo wa. Nígbà tó rọlẹ̀, ihò kan ti là gbàràmù lára ògiri, ọmọrí kan ṣì ń yí lórí omi: ráú, ráú, ráú. Ó dúró.

Ìyá ọkọ mi gbọn eruku kúrò ní gèlè. "Mo ti mọ̀ pé káfíńtà yìí ò mọṣẹ́."

Ibi tí káfíńtà ti la ẹnu láti fèsì ni mọ́tò ti fọn fèrè níta. Mo sáré lọ sójú fèrèsé. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń sọ̀ kalẹ̀, pẹ̀lú gíláàsì lójú àti fáìlì lábẹ́ apá. Ogójì ìṣẹ́jú ṣáájú àkókò!

Orí tábìlì ilé ìdáná, gáàsì ló wà níbẹ̀. Pálọ̀, aṣọ àwọn èèyàn ló kún ibẹ̀. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, a ti mọ bí ìyẹn ṣe ń parí. Mo yí po lẹ́ẹ̀mẹta, mo wo ọkọ mi, mo wo káfíńtà, mo wo ìyá. Ọwọ́ mẹ́fà! Gbogbo wọn sì ń ṣeré lásán!

"Ẹ dúró ti ògiri!" ni mo pariwo. "Ẹ na ọwọ́! Obìnrin yìí ò sọ pé ìkòkò gbọ́dọ̀ wà lára irin. Ó ní òun ò fẹ́ bá a nílẹ̀ ni!"

"Ìyàwó, orí rẹ pé báyìí?"

"Ẹ na ọwọ́, Baálé mi!"

Mo to wọn. Ọkọ mi gba kẹ́tù, páànù méjèèjì àti ìkòkò mẹ́ta, ọ̀kan kọ́ lórí ìgúnpá rẹ̀. Káfíńtà gba ìkòkò márùn-ún àti ajere. Ó ku asẹ́ tíì, ọwọ́ sì ti tán, mo bá fi kọ́ etí káfíńtà. Mo na ọwọ́ sí ìkòkò irin kí n gbé e fún ọkọ mi, ìyá ọkọ mi gbá ọwọ́ mi dànù.

"Ta ló fẹ́ bá mi gbé ìkòkò mi? Apá ọ̀tún ni mo wà, mo ti dúró."

"Ó wúwo, Màámi."

"Ìsinsìnyí lo wá mọ̀ pé ó wúwo?"

Ilẹ̀kùn ṣí. Alábòójútó wọlé. Bàtà rẹ̀ kò dún rárá. A mọ ilé iṣẹ́ tó ti wá. Ó wo ihò ara ògiri, ó wo omi ilẹ̀, ó wá wo àwọn mẹ́ta tó tò tẹ̀ léra, tí eruku funfun bò wọ́n bí ẹni tí wọ́n fẹ́ dín. Nígbà tó rí ìyá, ó kúnlẹ̀ díẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, mà."

"Káàbọ̀, ọmọ mi. Má bínú pé mi ò fà ọ́ dìde, ọwọ́ mi ò ṣófo."

Ó yíjú sí mi. "Àwọn wo rèé?"

Mo fẹ́ sọ pé ẹbí mi ni. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni: "Ìkọ́ ni wọ́n, mà."

Ó kọ nǹkan sínú fáìlì. Ó wá bẹ̀rẹ̀ láti òsì, ó ń yọjú wo inú ìkòkò, ó ń fi ìka ra ìdí wọn. Ó dé ọ̀dọ̀ káfíńtà, ó dúró.

"Èyí ńkọ́?"

"Etí mi ni, mà."

"Mo ní asẹ́ yìí."

"Ó mọ́, mà. Mo wẹ̀ láàárọ̀."

Mo rò pé yóò lọ. Àga ló fà! Ó jókòó, ó ṣí ìwé míì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí ní ìbéèrè bí ẹni tí kò sí ohun tó ń lé. Ọdún mélòó ni mo ti ń sè? Ṣé aṣọ kan náà ni mo fi ń nu ìkòkò àti àwo? Ibo ni mò ń da òróró tí mo ti lò sí? Mò ń dáhùn, ṣùgbọ́n ojú mi ò kúrò lápá ọ̀tún. Apá ìyá ọkọ mi ti ń gbọ̀n. Ó kọ́kọ́ ń gbọ̀n wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó wá le sí i títí tí ọmọrí ìkòkò irin fi ń pa eyín pọ̀: kẹ̀rẹ̀, kẹ̀rẹ̀, kẹ̀rẹ̀. Òógùn gba àárín eruku ojú rẹ̀ kọjá, ó la ọ̀nà síbẹ̀.

"Màámi, ẹ gbé e wá," ni ọkọ mi sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Dúró sí ipò rẹ. Ìkọ́ ni ọ́."

"Ẹ jẹ́ ká sọ pé," ni alábòójútó wí, "ẹ se ọbẹ̀ fún ogóje èèyàn, iyọ̀ wá pọ̀ jù. Kí lẹ máa ṣe?"

Mo mọ ìdáhùn rẹ̀. Inú oorun ni mo ti lè dáhùn ìyẹn. Ṣùgbọ́n kẹ̀rẹ̀-kẹ̀rẹ̀ yẹn ti gba etí mi. Mo wo ìwé obìnrin náà. Ọdún mẹ́jọ. Ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ bàtà là sílẹ̀ níwájú mi, èmi náà ń wọlé láàárọ̀, ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà ń kí mi, ó mọ̀ mí. Mo tún wo apá ìyá.

Mo dìde, mo rìn lọ bá a, mo gba ìkòkò irin lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì gbé e kalẹ̀. Gbì!

Alábòójútó gbé bírò. "Ìkòkò kan nílẹ̀," ó ní, ó sì kọ ọ́.

"Ta ló ní ó rẹ̀ mí?" Ìyá ọkọ mi ń fi ọwọ́ ra apá, ó ń pariwo. "Ṣé mo bẹ̀ ọ́? Ìyàwó, iṣẹ́ rẹ lo gbé sílẹ̀ yẹn o, kì í ṣe ìkòkò!"

"Mo mọ̀, Màámi."

"O mọ̀! O mọ̀!" Ó yíjú sí obìnrin náà. "Ọmọ mi, pa ohun tó o kọ rẹ́. Ìkòkò mi ni, kì í ṣe tirẹ̀. Èmi ni mo ní kí wọ́n gbé e lọ sápá ọ̀tún. Fèrèsé ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ọkọ mi ló dí i. Bébà àti eèpẹ̀ ló fi dí i. Èmi ni mò ń gbé bébà fún un."

Ọkọ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ ju kẹ́tù nù. "Ẹ mọ̀?"

"Kí ni mi ò mọ̀ nínú ilé tí mo bá wọn kọ́?"

"Ẹ wá ní ká gbé e síbẹ̀?"

"Mò ń retí ẹni tó máa sọ fún mi pé kò ṣeé ṣe! Ẹ̀yin mẹ́ta dúró, atẹ́gùn, ìgbìyànjú, irú kí lẹ ń sọ? Ṣé èmi ni màá fi ẹnu ara mi rẹ ìkòkò mi sílẹ̀ ni?"

Alábòójútó ti dìde. Ó lọ síbi ihò ògiri, ó fi ìka méjì fa bébà gbẹ́gẹ́ kan yọ, ó wò ó, ó dá a padà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn. Nígbà tó yí padà, ètè rẹ̀ ń jà pẹ̀lú ẹ̀rín.

"Alásè mẹ́rin ni mo ti bẹ̀ wò lọ́sẹ̀ yìí," ó ní. "Ẹ̀kíní kó tirẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀kejì da aṣọ bo ìkòkò, ó ní àga ni, ó ní kí n jókòó. Mo jókòó. Ó ṣì gbóná." Ó fọwọ́ kan ẹ̀yìn síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. "Ẹ mọ iye tó wà nílẹ̀ ní ilé ìdáná tiwa gan-an? Mẹ́tàdínlógún. Ńlá ńlá ni wọ́n, ènìyàn lè wẹ̀ nínú wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ ń fi ẹsẹ̀ kọ wọ́n lójoojúmọ́. Alásè tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ á jókòó, á ní bí ayé ṣe rí nìyẹn. Èmi ò fẹ́ ẹni tó lè jókòó tì í mọ́."

Ọ̀rọ̀ náà ò tètè yé mi. "Ibẹ̀... ibẹ̀ ni mo ti máa sè?"

"Ibo lẹ rò tẹ́lẹ̀? Ṣé ogóje èèyàn máa wá jẹun ní pálọ̀ télọ̀ ni?" Ó pa fáìlì dé. "Ọjọ́ Ajé, aago méje òwúrọ̀. Kí ẹ mú káfíńtà yín dání, ògiri tiwa ò ní fèrèsé. Ìyá náà lè wá, bó bá wù wọ́n. Ó yẹ kí ẹnìkan wà níbẹ̀ tí á máa sọ òótọ́ fún mi, kódà bó bá pẹ́ kó tó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ ò tíì dáhùn ti iyọ̀."

"Kò ní í pọ̀ jù, mà."

Ó mi orí, ó dágbére fún ìyá, ó bá tirẹ̀ lọ láìdún. Mo di ara ilẹ̀kùn mú. Mo fẹ́ kígbe, mo fẹ́ sáré, mo ti ń to ìkòkò mẹ́tàdínlógún tí mi ò tíì fojú rí sára ògiri tí mi ò mọ̀, èyí tí màá máa lò jù nítòsí iná, èyí tó wúwo níbi tó bá dún kì, kì, kì.

"Ìyàwó," ni ohùn kan pè mí lẹ́yìn. Ọkọ mi ni, ó ṣì dúró ti ògiri, apá rẹ̀ na gbọọrọ, páànù ń mì lọ́wọ́ rẹ̀. "Ṣé mo lè gbé tèmi kalẹ̀ báyìí?"

"Ẹ dúró ná," ni mo wí, mo ti na ọwọ́ mú aṣọ ìnulẹ̀. "Ilẹ̀ ò tíì gbẹ."